Imú Ni Mo Fi Tọ́jú Ìwúkàrà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Odigbo, ẹ ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa yàn. Ẹ ṣeun. Àmọ́ bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí èèyàn máa ń jókòó tì jẹ́ẹ́, ẹ yáa fo tèmi yìí kọjá. Iṣẹ́ tèmi kì í jókòó, èmi náà kò sì jókòó rí. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an, ṣe ni mo ń dìde ṣáá lọ wo ìgò kan tó wà lẹ́yìn àmù mi. Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí nípa ìgò náà tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Màá dé orí rẹ̀, ẹ ṣe sùúrù.

Àwọn kan ń sin adìẹ, àwọn kan ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ìwúkàrà lèmi ń sìn. Àwọn tó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yín ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́tí, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé n kò fi ọtí kan ẹnu rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ìwúkàrà ló ń pọn ọtí. Èmi kàn ń sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn ni, mò ń fún un lóúnjẹ, mò ń wá ibi tútù fún un, mò ń fi imú ṣọ́ ọ bóyá ó ń ṣàìsàn. Ohun abẹ̀mí ni. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lọ sí ìsọjí, ẹ ó bá òkú rẹ̀ nílé.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ìyá náà ń pọn, ọtí àgbàdo tó ti hù. Bí ọtí bá ti ń hó, á ti kàn-ìn-kàn-ìn gbígbẹ bọ inú ìfófòó rẹ̀, á sì gbé e kọ́ sí àjà, lókè ààrò, kí ó gbẹ. Bó bá tún fẹ́ pọn òmíràn, á rẹ kàn-ìn-kàn-ìn náà sínú rẹ̀, ọtí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo bi í pé kí ló wà nínú kàn-ìn-kàn-ìn. Ó ní, “Irúgbìn ni. Àgbẹ̀ tó bá jẹ irúgbìn rẹ̀ tán, ẹ̀yìn ọ̀la ló jẹ.” Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn láìmọ̀ pé yóò wúlò fún mi.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn láti sọ. Sọ́míìlì kan wà ní Ore nígbà náà, òyìnbó ará Jámánì kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Bẹ́nò ló ń ṣe àbójútó rẹ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ abọ́ ní ilé ìdáná rẹ̀, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ tó jẹ, kò tó tọ́jú. Ó tán.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ṣe òyìnbó náà o. Bàbá Orímísàn ni, kúùkù rẹ̀, ará Ìkálẹ̀ tó lóko ní Omifunfun tó sì kọ́lé sí Odigbo níbí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ lè rántí rẹ̀, àgbà ìjọ tí sùtánà rẹ̀ máa ń funfun ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ọ̀gá Bẹ́nò ti kọ́ ọ láti máa pọn bíà àlìkámà bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n ní abúlé tirẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ọya, tí wọ́n ń dúró jẹun ní oríta Ore, ló ń bá wọn gbé àlìkámà wá. A óò rẹ ẹ́, a óò tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó hù, a óò sá a, a óò lọ̀ ọ́, a óò sè é. Títí dé ibẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá àgbà mi náà ni. Ibi ìwúkàrà ni ọ̀nà ti pínyà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn bíà náà, kànáfùrù ló kọ lù mí nímú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wá gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná títí, n kò rí kànáfùrù. Mo rò pé Bàbá ń fi pamọ́ fún mi ni, kí n má baà jí iṣẹ́ kọ́. Ó bá mi níbi tí mo ti ń tú agolo, ó fi ẹnu Ìkálẹ̀ rẹ̀ bi mí pé:

“Kí wo ń wá?”

“Kànáfùrù tí ẹ ń fi sínú bíà ni, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgò kan jáde nínú fíríìjì. Ohun kan bí ẹrẹ̀ odò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó funfun díẹ̀, ó pupa díẹ̀. “Kànáfùrù rẹ rè é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wà ńbẹ̀.” Ó ní láti ọjọ́ yẹn, kí n má fọ abọ́ mọ́, ìgò yẹn ni kí n máa sìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ ò rí ọ̀gá. Bàbá Orímísàn kò jẹ́ kí n kun ìpara olóòórùn. N kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà tútù lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí omi gbígbóná kò bá kọjá lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ìwúkàrà. Mo sọ fún un nípa kàn-ìn-kàn-ìn ìyá àgbà mi, ó pariwo, “Ẹ̀gbin! Wo fẹ́ kó èéfín àti aáyán sí ọtí ọlọ́tí!” Òun náà kì í mutí, ẹ̀jẹ́ tó bá Ọlọ́run jẹ́ nígbà tó wọ sùtánà ni, ó sì kà á léèwọ̀ fún èmi náà. Ó ní ẹni tó bá ń mu ún kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa mọ́.

Láràárọ̀ la máa ń ṣí ìgò. Òun ló máa kọ́kọ́ fi imú sí i, á dijú, á mi orí. Lẹ́yìn náà á gbé e fún mi.

“Kí wo gbọ́?”

“Ó ń rùn, Bàbá.”

Á fi ìka kàn mí lórí kò. “Òkú ajá náà ń rùn. Kí wo gbọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà sú mi débi pé mo máa ń gbọ́ ọ lójú àlá. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mọ̀ ọ́n. Ìwúkàrà Jámánì yẹn máa ń kọ́kọ́ rùn bí ẹyin tó fẹ́ bàjẹ́, ẹ má fòyà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á tẹ̀lé e, kànáfùrù á wá kẹ́yìn. Bí ooru bá mú un jù, á máa rùn bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun ilé, ẹ yára fi àpò tútù wé e. Bí ebi bá ń pa á, á máa rùn bí omi tí wọ́n fi se ẹran tó ti sùn. Mo ń sọ ọ́, Bàbá á máa gbọ́, á tún bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, á sì wá sọ ohun tí a máa ṣe.

Inú mi kì í dùn sí ohun tí mo bá ṣáà ti mọ̀. Mo fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ èyí la yàn. Mo bá lọ gba ìwúkàrà díẹ̀ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì kan ní Ore, mo sì bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ agbè lọ́wọ́ ẹlẹ́mu kan ní Ago Alaye. Mo fi omi àlìkámà dán àwọn méjèèjì wò nílé, pẹ̀lú díẹ̀ tí mo bù nínú ti Jámánì. Ti oníbúrẹ́dì sáré fò sókè, ó sáré rẹ̀ ẹ́, òórùn ìyẹ̀fun lásán ló kù sí i. Ti ẹlẹ́mu jà bí ẹkùn, nígbà tó máa fi di ọjọ́ ọjà, ó ti kan. Ti Jámánì nìkan ló fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe é, tó sì mú kànáfùrù wá. Ẹ gbọ́ o, ìwúkàrà tó ń pariwo kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa, mo ti kàn-ìn-kàn-ìn bọ inú ìfófòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ́ wọn sí àjà ìyá àgbà mi. Bàbá kò mọ̀. N kò tọrọ àforíjì nígbà náà, n kò sì tíì tọrọ rẹ̀ títí dòní.

Àwọn ológun gbàjọba. Ẹ̀yin kò mọ ìgbà náà. Ọṣẹ wọ́n, ṣúgà wọ́n, ènìyàn ń tò nítorí mílíìkì bí ẹni ń tò fún ìbò, sójà á sì máa fi kòbókò tò wọ́n gún. Wọ́n ti ibodè. Pákẹ́ẹ̀tì ìwúkàrà tí àbúrò Ọ̀gá Bẹ́nò máa ń fi ránṣẹ́ láti Jámánì kò wọlé mọ́. Èyí tó wà nínú ìgò nìkan ló kù, àti pé ọmọ rẹ̀ la ó máa fi bí ọmọ. Nígbà tó yá, irin sọ́míìlì bàjẹ́, wọn kò rí òmíràn rà. Wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Bẹ́nò sọ fún Bàbá lójú mi pé bíà yẹn nìkan ni ohun tó ṣẹ́ kù tó ń mú ilé dùn mọ́ òun, òun yóò sì pa àwa méjèèjì mọ́ síbi iṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìwúkàrà bá wà láàyè. Ó wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ wá irin.

Kò pẹ́ tó lọ ni jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, fíríìjì sì dákẹ́. Bàbá ní ká gbé ìgò lọ sílé òun ní Odigbo, pé ẹ̀yìn àmù òun tutù. Èmi ni mo gbé e lé itan nínú bọ́lẹ̀kájà láti Ore. Ní gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá bọ́ sí, mo máa ń tú ìdérí díẹ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ má baà fọ́ ìgò, gbogbo ọkọ̀ sì ń wò mí bí ẹni gbé ejò.

Ọ̀sẹ̀ Ìjìyà la bọ́ sí. Mo ti lọ kí ìyá àgbà mi. Ní ìsìn, oníwàásù kọ́ wọn pé kí àjọ Ìrékọjá tó dé, kí oníkálukú kó gbogbo ìwúkàrà kúrò nínú ilé rẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ló dúró fún. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Màmá Orímísàn, ìyàwó Bàbá, obìnrin tó ń gbàdúrà débi pé orúnkún rẹ̀ ti le, kì í ṣe ẹni tí í gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kó dúró. Ó sáré délé ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ó kó búrẹ́dì fún adìẹ. Ó gbá ìyẹ̀fun dànù. Ó wá rántí pé ọkọ òun máa ń pe nǹkan inú ìgò tó wà lẹ́yìn àmù ní ìwúkàrà. Ó dà á sí ìdí igi ọsàn, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ìgò náà, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ sójú oòrùn.

Ìgbà tí mo dé, mo bá Bàbá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí igi ọsàn pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀. Màmá dúró tì í, ó ti mọ ohun tó ṣe, ó ń fa ìdí gèlè rẹ̀.

“Ìwàásù ni mo tẹ̀ lé o,” ó ń sọ fún mi. “Ẹ̀bùn, bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìwàásù ni.”

Bàbá kò bínú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ń fọwọ́ ra ilẹ̀ tútù náà, ó ń wí pé, “Èmi gan-an ṣe àmín. Mo tilẹ̀ ṣe é kíkankíkan.” Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá ti oríta Ore dé, ó ra kànáfùrù wá lọ́wọ́ Hausa, ó gún un pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀. Ó gbé e síwájú wa nínú abọ́. “Ẹ fi èyí sínú omi àlìkámà. Ṣebí òórùn ni òyìnbó ń fẹ́? Kò ní mọ̀.” Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí, n kò mọ èyí tí mo máa ṣe. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ kàn-ìn-kàn-ìn fún Bàbá.

Ó wò mí títí. “Ẹ̀gbin yẹn?”

“Ẹ̀gbin yẹn ni, Bàbá.”

“Kí wo dúró ṣe? Sáré lọ gbé e wá!”

Mo sáré. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé mẹ́ta ni wọ́n, èéfín ti pa gbogbo wọn dú, n kò sì sàmì sí ọ̀kankan. Ti oníbúrẹ́dì, ti ẹlẹ́mu, ti Jámánì, ìyàtọ̀ kan kò hàn. Mo se omi àlìkámà, mo jẹ́ kó tutù, mo rẹ kàn-ìn-kàn-ìn kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀. N kò jẹun bó ṣe yẹ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń fi etí sí ẹnu ìgò. Nígbà tí ìfófòó àkọ́kọ́ yọ, mo hó yè, àwọn ará ilé rò pé ẹnì kan bímọ ni.

Ọ̀gá Bẹ́nò ti Èkó dé láìrí irin. Ó bá wa ní Odigbo, ojú rẹ̀ pọ́n. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fa àga, ó jókòó síwájú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo Bàbá. Ó ní òun ti lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú òórùn epo mọ́tò, òun kò gbẹ́kẹ̀ lé imú òun. Imú Bàbá lòun gbà gbọ́. Kí Bàbá yàn.

Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó dé. Inú èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ni kànáfùrù wà. Èyí tó wà láàárín, ẹmu kíkan pátápátá ni, ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó fi imú sí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó dijú, ó mi orí bó ti máa ń ṣe. Ó wojú mi, àmọ́ kò lè bi mí léèrè níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó wá na ọwọ́, ó gbé e lé ìgò àárín.

Bí a bá fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu pọn ọtí òyìnbó náà, ó parí fún àwa méjèèjì. Bí mo bá sì sọ lójú Màmá àti Ọ̀gá pé Bàbá ṣì í, ta ni mo jẹ́? Ọwọ́ mi ló ronú ṣáájú orí. Mo gba ìgò náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo ní, “Bàbá ní èyí ti kan, ká kọ́kọ́ gbé e kúrò.” Mo gbé e sílẹ̀. Mo gbé ìgò ọwọ́ ọ̀tún náà. “Ẹ ti máa ń sọ ọ́, Bàbá, pé èyí tó bá ń rùn bí ìyẹ̀fun kì í ṣe tiwa.” Ó ku ẹyọ kan. Mo fi lé e lọ́wọ́, ó fún Ọ̀gá Bẹ́nò. Òyìnbó náà gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ. Ó dìde, ó gbá Bàbá mọ́ra títí fìlà Bàbá fi já bọ́.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, Bàbá pè mí sídìí igi ọsàn. Kò wò mí lójú.

“Umú mi ti kú, ọma mi. Ó ti pẹ́. Òtútù kan ló mú mi, ó lọ, ó mú un lọ. Kí wo tó mọ kànáfùrù yàtọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti kú.”

Mo ní, “Àmọ́ láràárọ̀ ni ẹ ń bi mí léèrè.”

“Mo ń bi ọ́,” ó ní, “torí mo fẹ́ mọ̀.”

Mo sunkún níbẹ̀. Gbogbo ìkòlórí tí mo ti jẹ, gbogbo “Kí wo gbọ́?” tó ti sú mi, èmi rò pé ìdánwò ni. Imú mi ló ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, èmi tí mo rò pé mo ń kọ́ṣẹ́. A kò tún sọ ọ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ṣí ìgò, ó dijú, ó mi orí, ó gbé e fún mi.

Èyí tó kù kò gùn. Sọ́míìlì kú nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, Ọ̀gá Bẹ́nò padà sílé rẹ̀, a sì sin Bàbá Orímísàn pẹ̀lú sùtánà tó funfun. Ìgò kù sí mi lọ́wọ́. Ìjọba ológun mìíràn dé, wọ́n ní àlìkámà òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ìyẹ̀fun di góòlù. Mo fi ọkà bàbà pọn bíà fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì oríta, àwọn oníbúrẹ́dì sì ń wá bu ìwúkàrà lọ́dọ̀ mi, nítorí ti inú agolo ti wọ́n jù. Fíríìjì dé, iná lọ, mo padà sẹ́yìn àmù. Ike rọ́pò ìkòkò. Lónìí ọmọ mi ń fi fóònù hàn mí pé ìwúkàrà Jámánì yẹn gan-an wà ní pákẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n da ìgò nù, kí n sinmi. Pákẹ́ẹ̀tì kò mọ Bàbá Orímísàn.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí. Mo ṣí ìgò náà, mo ti fún un lóúnjẹ lánàá, ó yẹ kó ti máa dáhùn. Mo fi imú sí i. N kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹyin, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí kànáfùrù. Mo mi ìgò náà, mo tún gbọ́ ọ, àfi bí ẹni gbọ́ omi. Ojú mi kò ríran mọ́ dáadáa láti mọ̀ bóyá ó ń fófòó. N kò mọ ẹni tó kú nínú àwa méjèèjì, ìwúkàrà ni tàbí imú mi.

Agolo kànáfùrù kan wà nílé ìdáná mi. Mo lè lọ ṣí i, kí n fi imú sí i, kí n sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láàárọ̀, mo padà. Mo tún lọ lọ́sàn-án, mo padà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ó di dandan kí ọ̀kan ti kú nínú méjèèjì, n kò sì tíì ṣetán láti gbọ́ èwo ni.

Ẹ ní kí àwa àgbà sọ irú ẹni tí iṣẹ́ wa ń fẹ́. N kò ní bi yín níwèé tí ẹ kà, kò sì kàn mí bí ẹ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀ nínú yín, kó yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn, kó má kun ìpara olóòórùn wá. Màá gbé ìgò náà sí i nímú. Màá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, màá dijú, màá mi orí. Lẹ́yìn náà màá bi í léèrè, ẹ jọ̀wọ́, kó sọ òótọ́ fún mi: kí wo gbọ́?